Ẹ̀kọ́ baseball ọjọ́ Sátidé n'Ílọrin: ohun tí owó mi rà fún ọmọ mi láti oṣù 7

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìlọrin àti gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa ní Kwara South. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, aṣọ Iléyá ni ò jẹ́ kí n gbérí, ní báyìí tí ọwọ́ ti dilẹ̀ díẹ̀ ẹ jẹ́ n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tó ń bi mí ti pọ̀ jù, bí wọ́n bá ti rí ọmọ mi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ńlá yẹn ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á ní "Ẹ gbà, kí lèyí?"

Télọ̀ ni mí, Tánkẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ló ń lọ kọ́ baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ní gbogbo Sátidé lórí pápá ilé ìwé kan lọ́nà Gáà Akanbí, lọ́dọ̀ kóòṣì kan tó jẹ́ pé catcher, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó di igi mú, ni wọ́n nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì ń gbá a. 3,000 náírà ni mò ń san lóṣù, oṣù keje rèé, kò sì tíì sí oṣù kan tí mo san án tó dùn mí. Èmi kì í já ọmọ sílẹ̀ kí n máa lọ, mo máa ń jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi parí, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń kọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tá a ti ń bọ̀. Ibì kan wà tí mo ti fi ọmọ yìí sí tẹ́lẹ̀, ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gba owó fọ́ọ̀mù, wọ́n gba owó jẹ́sì, jẹ́sì ò dé títí dòní. Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe owó yẹn, oṣù 4 gbáko lọmọ yẹn fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sẹ́ni tó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ fún un pé ohun báyìí lo ò tíì mọ̀, lọ kọ́ ọ wá. Tó bá délé á kàn ju bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní jẹun dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí kọ́sítọ́mà mi kan wá sọ fún mi nípa baseball, ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan, ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá, ìyá rẹ̀ ló ní ká ṣáà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan.

A wọ kẹ̀kẹ́ méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tá a máa fi débẹ̀ aago 7 ti lọ bí ìṣẹ́jú 15. Kóòṣì ti wà lórí pápá, wọ́n ń da nǹkan funfun sílẹ̀ fi fa ìlà, àwọn ọmọ ti dúró káàkiri. Wọn ò béèrè owó. Wọ́n bi ọmọ mi lórúkọ, wọ́n ní kó lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pè ní home plate, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ẹni tó di igi mú máa ń dúró sí, wọ́n ní "Lóṣòó síbẹ̀." Ó lóṣòó. Wọ́n ní "Kí lo rí?" Ó ní òun rí pápá, sà. "Mo ní kí lo rí?" Ó tún wò yí ká, ó ní òun rí àwọn ọmọ. "Mélòó?" Ó kà wọ́n, ó ní mẹ́jọ. "Ibo ni wọ́n kọjú sí?" Ọmọ yẹn dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní "Ọ̀dọ̀ mi ni, sà." Kóòṣì ní ó dáa, ìwọ nìkan lo rí gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì ń wò ọ́, nítorí náà o ò gbọdọ̀ sùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ nìyẹn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tá a ń padà lọ ilé, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ń sọ̀rọ̀ láti inú kẹ̀kẹ́ títí dé Tánkẹ́, ó ń ka ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí fún mi. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo san owó oṣù 3 lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ eré yìí, mo máa ṣe é kúkúrú. Ẹni 9 ni tíìmù kan máa ń ní lórí pápá. Ẹnì kan dúró láàárín, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù, pitcher ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan láti tíìmù kejì di igi mú, ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù yẹn kó lè sáré yí béèsì mẹ́rin ká, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n sàmì sí lórí ilẹ̀, kó padà wọlé sí home plate, tó bá wọlé wọ́n ní àmì kan. Ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn onígi, tó ń gba ohun tí pitcher bá jù, òun ni catcher. Láti ibi tí pitcher ń dúró sí dé home plate, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínǹṣì 6 ni, bọ́ọ̀lù yẹn sì le bí òkúta, ẹ má wò ó pé ó kéré. Ìka ni catcher fi ń sọ̀rọ̀, ó máa nà án sí àárín itan rẹ̀ kí tíìmù kejì má bàa rí i, ẹyọ kan túmọ̀ sí báyìí, méjì túmọ̀ sí báyìí, ohun tó bá nà ni pitcher máa jù. L'Amẹ́ríkà, láti 2022 ni wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ PitchCom, catcher á tẹ bọ́tìnnì, ohùn á sọ ọ́ sí pitcher létí láti inú fìlà. Lọ́dọ̀ tiwa ìka la ṣì ń lò.

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní ìlóṣòó yẹn, ilé ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, láti kékeré la ti mọ̀ pé ẹni tó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ la, tí ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹnìkejì, òun ló ṣòro gbé ṣánlẹ̀. Ohun tí Kóòṣì ń sọ náà nìyẹn ní gbogbo Sátidé, ìdí wálẹ̀, ẹsẹ̀ là, ojú lókè, wọ́n á máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tọ́ gìgísẹ̀ àwọn ọmọ sọ́nà bí alfa tó ń kọ́ ọmọ kéwú ní wálàá.

Kóòṣì fúnra wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ara wọn, díẹ̀díẹ̀ ni mo ṣà á jọ. Sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ níbí n'Ílọrin, wọ́n ní nígbà yẹn omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń pọn fún àwọn ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí catcher àgbà fi ẹsẹ̀ rọ́ ni wọ́n sọ máàsìkì sí wọn lójú. Wọ́n gbá a títí orúnkún fi ní ó tó. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń ki okùn awọ bọ inú ìbọ̀wọ́ ni mo wo ọwọ́ ọ̀tún wọn dáadáa, ìka àárín tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìwọ̀ ẹja, ìka tó tẹ̀ lé e ò ní èékánná. Mo béèrè. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù tó bá fara kan igi díẹ̀ ló máa ń yà lójijì, catcher ti nawọ́ síbì kan, bọ́ọ̀lù á gba ibòmíì, ìka ló ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo mọ́ ọmọ mi pé ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kó ká a pọ̀ kó fi pamọ́ sí ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ tàbí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé báàgì fún kóòṣì tó kọ́ wọn fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé, títí wọ́n fi di kóòṣì, títí wọ́n fi di máníjà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé máníjà yìí torí ó rú mi lójú níbẹ̀rẹ̀. Máníjà nínú baseball kì í ṣe ẹni tó wọ kóòtù jókòó sí ọ́fíìsì o. Òun ni olórí àwọn kóòṣì, òun ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa jáde, jẹ́sì táwọn ọmọ wọ̀ lòun náà máa ń wọ̀, bó ti wù kó dàgbà tó. Àwọn kóòṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ti pitcher lọ́tọ̀, ti onígi lọ́tọ̀, ẹnì kan á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ béèsì àkọ́kọ́, ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ béèsì kẹta tá máa fọwọ́ kan etí, fọwọ́ kan imú, àmì ló ń fún àwọn tó ń sáré. Lọ́dọ̀ tiwa ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, òun náà ló ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, òun náà ló ń wá bọ́ọ̀sì, òun náà ló ń gbé kúlà omi.

Sátidé kan wà tí òjò lé gbogbo wa sábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni Kóòṣì ti sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bruce Bochy fún àwọn ọmọ. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ sójà Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní 1955, catcher lòun náà. Ó wọ Major League, líìgì ńlá tiwọn, ní 1978 pẹ̀lú Houston Astros, ó lọ New York Mets, ó wá parí ẹ̀ sí San Diego Padres ní 1987. Ọdún 9 ló fi gbá a níbẹ̀. Kóòṣì wá bi àwọn ọmọ pé tíìmù kan máa ń gbá géèmù 162 lọ́dún, mélòó lẹ rò pé ọkùnrin yìí gbá ní gbogbo ọdún 9 yẹn? Ọ̀kan ní 1,000. Òmíì ní 1,400. Kóòṣì ní 358. Wọ́n ní nínú ìgbà 100 tó bá di igi mú, bíi 24 ló ń rí gbá dáadáa, gbogbo bọ́ọ̀lù tó gbá kọjá ọgbà láyé rẹ̀ ò ju 26 lọ. Ọmọkùnrin kan ní "Kò mọ̀ ọ́n gbá nìyẹn, sà." Kóòṣì ò bá a jà. Wọ́n ní nígbà tí kò sí lórí pápá, ibo ló wà? Àwọn ọmọ ní bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní kí ló ń ṣe níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rí i tí ọmọ mi gbójú sókè nígbà tó gbọ́ bẹ́ǹṣì.

Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ hàn lẹ́yìn ìgbà tó fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Ní 1989 ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn tíìmù kéékèèké tí Padres fi ń tọ́ ọmọ, ní 1993 ó di kóòṣì tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ béèsì kẹta, ní 1995 wọ́n fi í ṣe máníjà Padres pátápátá. Ọdún kejì ni wọ́n ti sọ ọ́ di máníjà ọdún náà ní National League, ọ̀kan nínú apá méjì tí líìgì ńlá yẹn pín sí. Ní 1998 ó gbé wọn dé World Series, àṣekágbá líìgì yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí géèmù 4 ló gbà á, New York Yankees nà wọ́n 4-0, kò sì bọ́hùn. Ní 2007 ó lọ San Francisco Giants. Giants yìí, láti 1958 tí wọ́n ti kó kúrò ní New York wá sí San Francisco, wọn ò tíì gba World Series rí, ọkùnrin yìí wá gbà á fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún márùn-ún, 2010, 2012, 2014.

Ti 2014 yẹn, Kóòṣì dìde dúró sọ ọ́ ni, wọn ò lè jókòó. Ó ku géèmù kan ṣoṣo, ìkeje, ilé Kansas City Royals ni wọ́n ti ń gbá a. Pitcher kan wà tó ń jẹ́ Madison Bumgarner, ọjọ́ méjì péré ló ní láti sinmi lẹ́yìn tó ju géèmù karùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Abala 9 ni géèmù kan máa ń ní, Bochy ní kó bọ́ sórí pápá ní abala karùn-ún. Ó jù ú ní abala karùn-ún, ìkẹfà, ìkeje, ìkẹjọ, kò sí ẹni Royals kankan tó gba àmì. Ó di abala kẹsàn-án, 3-2 ni Giants fi ń lé iwájú, onígi Royals méjì ti jáde, tí ẹnì kẹta bá jáde géèmù parí nìyẹn. Onígi Royals kan gbá a, àwọn tó wà lẹ́yìn pápá ṣi bọ́ọ̀lù yẹn mú, ó sáré dé béèsì kẹta, tó bá wọlé wọ́n di ọgba. Gbogbo máníjà tó kù láyé ni ojú á dá, wọ́n á fẹ́ pààrọ̀ pitcher. Bochy ò kúrò níbi tó wà. Bumgarner jù ú, onígi gbá a lọ sókè, wọ́n hán an, ó parí. Kóòṣì ní kí ló mú kó dá a lójú? Wọ́n ní catcher ni, ọdún púpọ̀ ló ti fi wo ọwọ́ àti ojú pitcher láti iwájú, ó mọ ọwọ́ tó ti rẹ̀ àti èyí tí kò tíì rẹ̀. Mo lọ wá fídíò rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, dátà mi tán síbẹ̀, èmi àti ọmọ mi la jọ wò ó.

Ó fẹ̀yìn tì ní 2019, géèmù tó ti borí gẹ́gẹ́ bíi máníjà ti lé ní 2,000. Ó wà nílé. Ní ìparí 2022 ni Texas Rangers ránṣẹ́ pè é, Rangers tó jẹ́ pé òun gan-an ló nà wọ́n ní World Series 2010 o! Tíìmù yẹn ti wọmi, wọ́n pàdánù géèmù 102 ní 2021, wọ́n pàdánù 94 ní 2022. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, 2023, wọ́n gba World Series, wọn ò gbà á rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, nínú àwọn ìdíje ìparí ọdún yẹn títí dé World Series, géèmù 11 ni wọ́n lọ gbá nílé onílé, wọ́n sì borí gbogbo 11. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2025.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo ìyẹn ni pé òun gan-an ni iṣẹ́ tí mò ń sanwó fún. Níbi tá a ti kúrò, bẹ́ǹṣì ni ibi tí wọ́n ń kó ẹni tí wọn ò nílò sí. Lọ́dọ̀ Kóòṣì, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló níṣẹ́ jù. Wọ́n á yan ẹnì kan lórí pápá fún un, wọ́n á ní máa wo ẹsẹ̀ lágbájá, tí abala yìí bá parí wá sọ ohun tó o rí fún mi. Ọmọ mi wo pitcher kan lọ́sẹ̀ kan, ó wá sọ fún wọn pé tí ọmọ yẹn bá fẹ́ ju èyí tó yára, ó máa ń fún ètè pọ̀, tó bá fẹ́ ju èyí tó ń yí, ó máa ń la ẹnu. Kóòṣì lọ wò ó, òótọ́ ni! Wọ́n pe pitcher yẹn wá, wọ́n ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi torí ọ̀tá ò bá ti rí i ṣáájú. Ọmọ tó ń ju bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rèé o. Ẹ̀yin òbí, owó wo lẹ máa ná tẹ́ ẹ máa fi ra ìyẹn lọ́jà?

Ohun kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé wọn kì í fi ara ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń gbá géèmù láàárín ara wọn, ọmọ kan ń sáré bọ̀ láti béèsì kẹta, bàbá kan láàárín àwa tá a jókòó pariwo sí ọmọ mi pé "Dí i! Dí i lọ́nà!" Kóòṣì fọn fèrè, wọ́n dá gbogbo ẹ̀ dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀ Buster Posey fún wa, catcher tí Bochy tọ́ ní Giants. Ní oṣù Karùn-ún 2011, ẹnì kan sáré wá kọ lù ú ní home plate, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò gbá a mọ́ lọ́dún yẹn. Ó padà wá ní 2012, ó sì gba ẹni tó dára jù ní National League. Nígbà tó di 2014, Major League ṣe òfin tó ní catcher tí bọ́ọ̀lù ò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ dí ọ̀nà, ẹni tó ń sáré náà ò sì gbọdọ̀ yà kúrò lọ́nà rẹ̀ torí kó lè kọ lù ú. Kóòṣì ní òfin yẹn ni tiwa náà níbí, wọ́n ní ọmọ tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́mọ ọdún 13, pápá ò ní bá a tọ́jú ẹ̀. Wọ́n bẹ bàbá yẹn pé "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ mọ́." Bàbá náà gbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ti wá di ọ̀rẹ́ mi báyìí.

Ó yá, àwọn ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Ohun èlò ò tó. Ìbọ̀wọ́ catcher yàtọ̀ sí tàwọn tó kù, kò ní ìka ìka, ó nípọn bí ìrọ̀rí, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà fún ọmọ mẹ́rin tó ń kọ́ ọ. Nígbà tí ẹnì kan bá wà nínú ẹ̀, mẹ́ta á máa wò. Ti bọ́ọ̀lù náà, tó bá bọ́ sínú koríko wọ́n máa ń wá a fún bí ìṣẹ́jú 20, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì méjì ló wà. Lóṣù kẹta tá a débẹ̀ bọ́ọ̀lù ba ọmọ kan lẹ́nu, ètè rẹ̀ bẹ́, torí pé ó dúró sún mọ́ onígi láìwọ nǹkan kan. Mo gbóríyìn fún Kóòṣì pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé e lọ sí kẹ́mísì, wọ́n sanwó, wọ́n dé ilé ọmọ náà lálẹ́ láti bẹ àwọn òbí rẹ̀, láti ọjọ́ yẹn wọ́n ti fa ìlà pupa tí ẹni tí ò ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ kọjá. Àmọ́ ìlà yẹn ì bá ti wà kí ètè ọmọ ọlọ́mọ tó bẹ́, mo sọ fún wọn lójú, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ.

Àkókò náà. Wọ́n á ní aago 10 la máa parí, ó máa ń di aago 11 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ní kọ́sítọ́mà tó ń bọ̀ wá gbé aṣọ ìgbéyàwó, ìyẹn ò dáa fún un rárá. Kóòṣì, tẹ́ ẹ bá ń ka eléyìí, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wò ó.

Ààbò àyà tí catcher máa ń so mọ́ra, nígbà tá a débẹ̀ fóòmù inú ẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, tí bọ́ọ̀lù bá bà á, àyà ọmọ ló ń gbà á tààrà. Mo gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù, mo tú u, mo fi fóòmù líle tí wọ́n ń lò sínú àga sí i ní ìpele méjì, mo fi òwú náílọ́ọ̀nù rán an yí ká, mo tún bẹ́líìtì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kó lè bá ọmọ kékeré àti ọmọ ńlá mu. Wọ́n fẹ́ sanwó, mi ò gbà á. Ìbọ̀wọ́ yẹn náà, awọ rẹ̀ ti gan bí pákó, Kóòṣì ló kọ́ mi pé ká fi òrí pa á, òrí wa yìí náà, ká fi bọ́ọ̀lù sí àárín ẹ̀, ká fi okùn dì í mọ́jú. Ó rọ̀ débi pé tí bọ́ọ̀lù bá wọ inú ẹ̀ báyìí, ẹ máa gbọ́ ọ "pàù!" láti òdìkejì pápá. Ohùn yẹn dùn mọ́ mi ju rédíò lọ.

Lásìkò ààwẹ̀ Rámádáánì wọn ò dá a dúró, wọ́n sún un sí ẹ̀yìn ìrun Alásárì, kò sí eré sísá, ìka àti ọgbọ́n ni wọ́n ń kọ́ wọn lábẹ́ igi, tí wọ́n bá fi máa tú ká ó ti ń sún mọ́ ìṣínu. Àwọn ọmọ Krìstẹ́nì tó wà níbẹ̀ náà ò mu omi lójú àwọn tó kù, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má mu ún. Àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ló ń ju bọ́ọ̀lù tó le jù ní gbogbo pápá yẹn.

Àwọn òbí kan máa ń béèrè bóyá ó máa gbé ọmọ wọn dé Amẹ́ríkà. Kóòṣì ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé baseball wà nínú All-Africa Games tá a gbà lálejò ní Abuja ní 2003, ó máa padà sínú Olympics ní Los Angeles ní 2028, ọ̀nà ò dí, àmọ́ ẹ fi ọmọ sílé ìwé ná, wọ́n sì ń wo káàdì èsì ìdánwò wọn lóòótọ́, ọmọ tó bá fìdí rẹmi máa dúró ti ìwé títí á fi gbérí. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn lọ pápá baseball tó wà l'Adéwọlé láti lọ wo àwọn àgbà, Kóòṣì ò jẹ́ kí wọ́n wo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tàbí ẹni tó di igi mú. Wọ́n ní kí gbogbo wọn máa wo catcher fún abala mẹ́ta gbáko. Lójú ọ̀nà, inú bọ́ọ̀sì gbóná bí ọjà Ìpàtà, kálukú ń sọ ohun tó rí, wọ́n ń jiyàn.

Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀, 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ẹyọ kan tí mo yọ, nítorí ohun èlò ni àti aago 11 àti ààbọ̀ yẹn. Ti kíkọ́ni, mi ò rí ibi tí mo lè yọ nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ wá, aago 7 Sátidé ni. Ẹ gbé omi dání fún un, ẹ wọ̀ ọ́ ní ṣòkòtò gígùn tó nípọn torí wọ́n máa ń yọ̀ lórí ilẹ̀ wọ béèsì, orúnkún ló ń kọ́kọ́ já, ti ọmọ mi mo ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ní ìbọ̀wọ́ catcher àlòkù nílé tí kò lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú un wá, bó ti wù kó já tó, màá rán an. Ẹ má kàn débẹ̀ kẹ́ ẹ máa sọ fún Kóòṣì pé pitcher lẹ fẹ́ kọ́mọ yín jẹ́, wọ́n máa gbọ́ yín o, wọ́n á kí yín dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kọ́mọ náà lọ lóṣòó sẹ́yìn home plate, wọ́n á bi í ní ohun tó rí.